Nígbà Tí A Ń Pín Owó Orí Lójú Ara Wa

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ọmọ mi. Etí mi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jìnnà mọ́, ohùn tèmi náà kò sì lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wá láti Èkó nítorí ìrántí ọdún kan tí ìyá bàbá yín ti lọ. A ti ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ti jẹ, a ti mu, àwọn àlejò sì ti ń túká. Ẹ kò mọ̀ ọ́n ju ìyá àgbà tó ń fi irú àti òrí ránṣẹ́ sí yín lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ padà láìmọ irú ènìyàn tó jẹ́ àti ohun tó ṣe kó tó kú, n kò sì lè sọ ọ́ yé yín láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ sọ bí ìlú yìí ṣe rí nígbà tí èmi àti òun wà ní kékeré.

Tí mo bá di ojú mi báyìí, agogo akéde ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Tí ọyẹ́ bá ti mú, tí a ti wa iṣu tán, tí ètè gbogbo wa ti la, akéde á máa rìn láti ìsàlẹ̀ ìlú bọ̀ wá sókè, á máa lu agogo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọdé. Àwọn obìnrin tó ń fọ irú létí odò á dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n kó tó lanu. Àsìkò owó orí ti dé.

Àwọn ará N.A., ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà náà, á ti sọ iye tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ gbogbo ìlú fún ọba. Ọba á pín in fún agboolé kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ni baálé agboolé tiwa. Yóò pe gbogbo ọkùnrin jọ sábẹ́ ọdán tó wà níwájú ilé, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pín in láàárín ara wọn. Kò sẹ́ni tó ń san iye kan náà. Oko rẹ ni wọ́n ń wò, wọ́n wo obì rẹ, wọ́n wo bí òjò ṣe ṣe ọ́ sí. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.

“Lájídé,” bàbá mi á wí, “iṣu tìrẹ ṣe dáadáa lọ́dún yìí.”

“Ó ṣe dáadáa, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó kàn mí ju ti èṣí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé mo fẹ́ gbé ìyàwó.”

“A rántí. Ìyàwó náà á bá ọ kó iṣu wálé.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Lájídé náà á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti parí nìyẹn. Ọkùnrin kan wà nínú agboolé wa tí igi wó lù lẹ́sẹ̀ lóko, Àjàyí lorúkọ rẹ̀. Ẹní ló ń hun jẹun. Tí ó bá ti kàn án, bàbá mi á wúkọ́ díẹ̀, á bọ́ sórí ẹlòmíràn, àwọn tó kù á sì gbé tirẹ̀ mọ́ tiwọn. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Àjàyí náà á jókòó sáàárín wọn títí wọ́n á fi tán, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí, bí ọkùnrin.

Ọdún kan wà tí àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, ra kẹ̀kẹ́ ológeere ní Ọ̀fà. Owó obì ló fi rà á. Ó mọ̀ pé tí wọ́n bá rí kẹ̀kẹ́ náà, owó orí òun á lé sí i, ló bá fi okùn so ó mọ́ àjà ilé ìdáná. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má dáná lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ń yan ẹja nísàlẹ̀, iná ń ràn mọ́ okùn lókè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà jókòó sábẹ́ ọdán, Bàbá Kékeré sì ń ṣàlàyé pé ọdún náà kò rọgbọ fún òun rárá. Ni kẹ̀kẹ́ bá já wálẹ̀ tòun ti agogo rẹ̀. Bàbá mi kò yíjú síbẹ̀. Ó kàn bi àbúrò rẹ̀ léèrè pé, “Kí ló ń lu agogo nílé ìdáná rẹ?” Bàbá Kékeré ní, “Kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ fi tirẹ̀ kún tèmi.” A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro wá. Kò sẹ́ni tó bu ìtanràn lé e. Láti ìgbà náà ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kiri ìlú ní gbangba.

N kò sọ pé ayé ìgbà náà dára tán o. Àwọn kan sá lọ sóko nítorí owó orí, wọ́n sì ti àwọn kan mọ́lé tí kò yẹ kí wọ́n tì mọ́lé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò rí mọ́. Ojú kan náà ni a fi ń wo ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní, a sì mọ ibi tí owó náà ń lọ. Lọ́jọ́ kejì ọdún ìjẹṣu, nígbà tí eégún Eléwe bá ti jó tán, tí eruku ṣì wà lójú afẹ́fẹ́, ọba á jáde sí gbangba, á sọ iye tí N.A. dá padà fún ìlú, á bi wá pé kí ni ká fi ṣe. A máa jiyàn. Àwọn ará ìsàlẹ̀ á ní afárá, àwọn ará òkè á ní kànga. Ọdún kan ni àwọn obìnrin ní àwọn fẹ́ ilé ìgbẹ̀bí, wọn kò sì kúrò ní gbangba títí wọ́n fi gbà fún wọn.

Ọwọ́ wa la fi kọ́ ọ. Àwọn ọkùnrin po amọ̀, àwọn obìnrin pọn omi láti odò, owó orí ló sì ra páànù àti ilẹ̀kùn. N.A. fún wa ní nọ́ọ̀sì kan, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan láti Òkè-Onígbìn, tó máa ń pariwo mọ́ àwọn ọkọ tí wọn kò bá tètè gbé ìyàwó wọn dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí bàbá yín. Èmi gan-an dúró síta, mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Nígbà tó yá ìjọba ní ká má sanwó orí mọ́. Owó epo rọ̀bì ti dé, wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ á máa fi ránṣẹ́ sí káńsù tó rọ́pò N.A. A jó lọ́jọ́ náà. Ta ni kò ní jó? Kò yé wa pé bí a kò ti san mọ́, a kò ní béèrè mọ́. Owó tí kò ti ọwọ́ rẹ jáde, báwo lo ṣe fẹ́ mọ ìgbà tó sọnù? Akéde kú, wọn kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Abẹ́ ọdán di ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò tó ti bàjẹ́ sí. Wọ́n gbé nọ́ọ̀sì lọ sí ibòmíràn. Òjò kan wá pẹ̀lú ìjì, ó ṣí páànù ilé ìgbẹ̀bí, kò sẹ́ni tó dá a padà.

Lẹ́yìn náà ni owó tíkẹ́ẹ̀tì wá dé. Káńsù gbé gbígba owó ọjà fún agbàṣẹ́ṣe kan tí a kò rí rí. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ẹ̀wù pupa ló máa ń rán wá. Ẹni tó gbé àtẹ ata kalẹ̀ á san, ẹni tó ta ẹ̀wà sínú abọ́ á san, iye tí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì ń san náà ni. Àwọn ilé alájà ńláńlá tí àwọn ọmọ wa ní Èkó kọ́ sórí òkè kò san nǹkan kan. Tírélà tó ń kó kaṣú jáde ní ìlú yìí, tí ó sì ń ba ọ̀nà jẹ́, kò san nǹkan kan.

Ìyá bàbá yín ń ta irú àti òrí nígbà náà, níbi tí ó ti ń tà á láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Àbẹ̀kẹ́ ni mò ń pè é, Ìyá Oyè ni àwọn ará ìlú ń pè é, torí bàbá yín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan, Fúnmiláyọ̀, máa ń gbé àtẹ tòmátì rẹ̀ kalẹ̀ sí. Oyún rẹ̀ ti tó bíbí. Lọ́jọ́ ọjà kan, kò tíì ta nǹkan kan nígbà tí àwọn ẹlẹ́wù pupa dé. Ó ní kí wọ́n padà wá tó bá dọ̀sán. Wọ́n gbé àtẹ rẹ̀, ó dì í mú, tòmátì dà sílẹ̀, wọ́n sì rìn kọjá lórí rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ bá a ṣa èyí tó kù. Ó sọ fún mi nígbà tó délé pé ọmọ náà kò sunkún, pé ó kàn ń nu tòmátì kọ̀ọ̀kan sí ìró rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan á ṣì rà á.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Fúnmiláyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, lọ́sàn-án gangan, òjò sì ń rọ̀. Ilé ìgbẹ̀bí tiwa kò ní òrùlé. Ilé ìwòsàn Òmù-Àrán ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ, orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e sí, láàárín ọkọ rẹ̀ àti ọlọ́kadà. Omi ti gé ọ̀nà níbi tí àwọn tírélà ti gbẹ́ ẹ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ ló bí ọmọ náà sí. Ọkùnrin ni. Kò ké.

Àbẹ̀kẹ́ kò jẹun dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó yá ó wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ó jókòó tì mí.

“Bàbá Oyè,” ó ní, “nígbà tí àwọn ìyá wa béèrè ilé ìgbẹ̀bí, ta ni wọ́n bi?”

“Ọba àti gbogbo ìlú.”

“Lóde òní ńkọ́? Ta la ó bi?”

Mo ní káńsù ni. Ó ní, “Ó dáa. Káńsù náà la ó bi.”

Ó kó àwọn obìnrin ọjà jọ, wọ́n lọ. Mo tẹ̀ lé wọn. Alága káńsù ìgbà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ọ̀wọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún wa, ó sì gbọ́ wa. Ohun tí Àbẹ̀kẹ́ béèrè kò pọ̀. Ó ní kí wọ́n yọ ẹni tó ń ta ọjà lórí àtẹ kúrò nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí ṣọ́ọ̀bù san bó ṣe tóbi tó, kí ilé ńlá àti ilé ìpamọ́ kaṣú náà sì san. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ pín owó ọdún, kí wọ́n wá kà á sí wa létí lọ́jà, kí ilé ìgbẹ̀bí àti ọ̀nà sì ṣáájú géètì tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí ilé káńsù.

Akápò káńsù wà níbẹ̀. Ó ní, “Màmá, òfin kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Iye kan náà ló ní kí gbogbo ọlọ́jà san.”

Àbẹ̀kẹ́ ní, “Ọmọ mi, òfin tó ń gba iye kan náà lọ́wọ́ ẹni tó gbé àtẹ àti ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, ó mọ̀ wọ́n dáadáa. Ó ti mọ ẹni tó fẹ́ràn nínú wọn.”

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun á rò ó.

Ọ̀rọ̀ náà dé Èkó kó tó dé ìgboro Òmù-Àrán. Àbúrò Àbẹ̀kẹ́ ni Gbádé, ẹni tí ẹ ń pè ní Bàbá Gbádé. Ìyá wọn kú fi í sílẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Kaṣú ló sọ ọ́ di olówó. Ilé ìpamọ́ rẹ̀ ló tóbi jù ní agbègbè yìí. Ó wa mọ́tò wá láti Èkó, ó jókòó ní pálọ̀ yìí. Àbẹ̀kẹ́ ti gún iyán sílẹ̀ dè é.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kó àwọn obìnrin lọ sí káńsù pé kí wọ́n máa gbowó lórí ilé ìpamọ́ mi.”

“Gbogbo ilé ìpamọ́ ni mo sọ. N kò dárúkọ rẹ.”

“Ta ló tún ní ilé ìpamọ́ tó tó tèmi níbí? Ṣé mi ò ń ṣe fún ìlú ni? Gbogbo Kérésì ni mò ń pín ìrẹsì. Ta ló tún òrùlé ilé yìí ṣe? Ta ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín?”

“Ìwọ ni. Mo sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Gbádé, ìrẹsì tí ò ń pín yẹn, ó wù ọ́ ni o fi ń pín in. Tí kò bá wù ọ́ mọ́ ńkọ́? Ọmọ Fúnmiláyọ̀ kò lè dúró de ìgbà tó máa wù ọ́.”

“Èmi kọ́ ni mo pa ọmọ Fúnmiláyọ̀.”

“N kò ní ìwọ lo pa á. Mo ní tírélà rẹ gba ọ̀nà náà kọjá lójoojúmọ́, kò sì san nǹkan kan sí i.”

Gbádé dìde. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. “Ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí,” ó ní. Kò fọwọ́ kan iyán náà. A gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀ títí ó fi já sí títì.

Àbẹ̀kẹ́ rí díẹ̀ nínú ohun tó béèrè. Kí n má parọ́, ọdún kan yẹn dùn mọ́ wa. Wọ́n yọ ẹlẹ́rù orí àtẹ kúrò. Àwọn onílé ìpamọ́ san, Gbádé náà san, nípasẹ̀ agbẹjọ́rò rẹ̀. Alága rán òṣìṣẹ́ kan wá sọ́jà láti ka ètò ìṣúná fún wa. Òyìnbó ló fi bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin ní kó fi èdè wa kà á. Ó ń wá ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó kà á tán. Nígbà tó dé orí owó ìrìn-àjò, ìyá kan tó ń ta gààrí bi í pé ibo ni wọ́n ń rìn lọ tó gbówó báyìí. Ọjà dàrú fún ẹ̀rín. Mo wo Àbẹ̀kẹ́, mo rí i pé omi wà lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jiyàn ní gbangba ìlú yìí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó igi wá sí ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n tún ògiri rẹ̀ mọ. Páànù ló kù.

Ni àkókò alága bá tán. Wọ́n fi alámòójútó kan síbẹ̀ tí a kò dìbò yàn. Iṣẹ́ dúró. Àwọn ẹlẹ́wù pupa padà sọ́jà, wọ́n ní owó ìmọ́tótó ni àwọn ń gbà báyìí, kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Àbẹ̀kẹ́ tún lọ sí káńsù. Ẹ̀rù ti ń ba àwọn obìnrin, àwọn díẹ̀ ló bá a lọ, nígbà tó yá ó ku òun nìkan. Wọ́n máa ń fi í jókòó síta láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ti ọ́fíìsì. Ó máa ń wálé, á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sínú omi gbígbóná.

Gbádé kò fi oògùn ránṣẹ́ mọ́. A kò sọ fún bàbá yín, nítorí ó ń kọ́ ilé tirẹ̀ lọ́wọ́ ní òkè yẹn, Àbẹ̀kẹ́ ní kí n má da iṣẹ́ ọmọ òun rú. Oògùn tó kù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a sí. Yóò lò ó lónìí, kò ní lò ó lọ́la. Mo ní kó jẹ́ kí n bẹ Gbádé. Ó ní, “Kí lẹ fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún? Pé mo ṣì í sọ? Mi ò ṣì í sọ.” Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ń di irú sínú ewé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀ láti gbéra. Ó wò ó, ó wò mí. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò jáde. Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, ó ti kú.

Gbádé wá. Ó pa màlúù, ó gbé òkúta dídán wá láti Èkó sórí sàréè rẹ̀, ẹ ti ya fọ́tò níbẹ̀ lánàá. Ó sunkún bí ọmọdé, òótọ́ ni ẹkún náà, mo dì í mú. Nígbà tó dákẹ́, mo sọ fún un pé tó bá fẹ́ ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́, kó bá àwọn obìnrin wọ̀nyẹn dúró níwájú káńsù, kó ní òun tí òun ní ilé ìpamọ́ ṣe tán láti san tòun, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n fi èyí tí òun ti san ṣe. Ó ní, “Bàbá Oyè, mo lè fi páànù bo ilé náà lọ́la. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ sọ yẹn ṣòro fún mi.” Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Títí di òní kò fi páànù bò ó, kò sì lọ sí káńsù.

Fúnmiláyọ̀ tún ti lóyún. Òun ló ń kó àwọn obìnrin jọ báyìí. Wọ́n ń lọ sí ilé káńsù ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, nítorí wọ́n gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe ètò ìṣúná tuntun. Lánàá mo sọ fún bàbá yín pé ilé rẹ̀ tó wà lókè, tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀, wà lára ohun tí ìyá rẹ̀ ń wí, pé kó bá wa lọ. Ó ní, “Bàbá, tí mo bá san, ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n á kó o lọ?” Mo ní n kò mọ̀, pé nítorí ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń lọ. Ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun ní Èkó, pé ẹ̀ ń lọ ní ọjọ́ Àìkú.

N kò bínú sí i. Ẹ má bínú sí i. Ṣùgbọ́n mo ti ní kí Fúnmiláyọ̀ bá mi wá ọlọ́kadà tí kì í sáré. Ó ní, “Bàbá, ẹ ti dàgbà jù. Láti àárọ̀ títí dalẹ́ ni wọ́n máa fi wá jókòó síta.” Mo ní kó bá mi mú ìrọ̀rí kan dání.